Romeo àti Juliet lórí ìtàgé ọmọlangidi: ohun tí àwọn òbí, olùkọ́ àti aṣeré máa ń bi wá

Àwa mẹ́rin la jọ ń ṣe eré ọmọlangidi fún àwọn ọmọdé. Láti ìgbà tí a ti gbé ìtàn Romeo àti Juliet sórí ìtàgé kékeré wa ni ìbéèrè kò ti dáwọ́ dúró. Ẹ̀rù ń ba àwọn òbí kan. Àwọn olùkọ́ fẹ́ mọ ibi tí a gé kúrò. Àwọn tó fẹ́ ṣe tiwọn fẹ́ mọ bí a ṣe ń ṣe é lẹ́yìn aṣọ. Mo kó àwọn tí wọ́n ń bi wá jù jọ síhìn-ín, mo sì dáhùn wọn bí mo ṣe máa dáhùn ká ní a jókòó tira wa.

Kí ló dé tí ẹ fi gbé ìtàn tí ọmọ méjì ti kú wá fún àwọn ọmọdé?

Nítorí pé ìtàn ọmọdé ni. Àwa àgbà la gbà á lọ́wọ́ wọn. Nínú eré tí Shakespeare kọ, Juliet kò tíì pé ọmọ ọdún 14. Ó ku nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì kí ó pé e nígbà tí ìtàn bẹ̀rẹ̀.

Yàtọ̀ sí ìyẹn, ìjà ló bí ìtàn yìí. Inú ìjà tó ti wà nílẹ̀ ni ìfẹ́ bá wọn. Ìdílé Montague àti ìdílé Capulet ń bára wọn jà ní ìlú Verona, Shakespeare kò sì sọ ohun tó dá ìjà náà sílẹ̀ níbi kankan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn ọmọ mọ irú ìjà bẹ́ẹ̀ dáadáa. Wọ́n ti gbọ́ "má bá ọmọ yẹn ṣeré mọ́" rí, wọ́n béèrè ìdí, kò sì sẹ́ni tó fún wọn lésì. Nígbà tí a kọ́kọ́ ka ìtàn náà sétígbọ̀ọ́ àwọn ọmọ kan, kò sí ìkankan nínú wọn tó béèrè nípa ìfẹ́. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni pé, "Kí ni wọ́n ń jà sí?" Orí ìbéèrè yẹn la kọ́ gbogbo eré wa lé.

Mi ò mọ ìtàn náà dáadáa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ fún mi ní ṣókí.

Romeo jẹ́ ọmọ Montague, Juliet jẹ́ ọmọ Capulet. Romeo bo ojú lọ síbi àsè kan nílé Capulet, ó rí Juliet níbẹ̀, ọkàn àwọn méjèèjì fà síra. Ní ọjọ́ kejì, àlùfáà Laurence so wọ́n pọ̀ ní bòókẹ́lẹ́. Ó rò pé ìgbéyàwó náà lè parí ìjà. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn gan-an ni Tybalt, ìbátan Juliet, pa Mercutio tó jẹ́ ọ̀rẹ́ Romeo. Inú bí Romeo, ó pa Tybalt. Wọ́n lé e kúrò nílùú, ó forí lé ìlú Mantua. Bàbá Juliet wá ní dandan ni kí ọmọ òun fẹ́ ọ̀dọ́kùnrin ọlọ́lá kan tó ń jẹ́ Paris. Àlùfáà fún Juliet ní oògùn tí yóò mú un sùn bí òkú fún wákàtí 42, ó sì kọ lẹ́tà sí Romeo kó lè mọ àṣírí náà. Lẹ́tà kò dé. Àjàkálẹ̀ àrùn ni wọ́n ń sá fún tí wọ́n fi sé ẹni tó fẹ́ mú un lọ mọ́lé. Ìròyìn ikú ló ṣáájú dé ọ̀dọ̀ Romeo. Ó padà wá sí ibojì, ó gbà pé Juliet ti kú lóòótọ́, ó pa ara rẹ̀. Juliet jí, ó bá a bẹ́ẹ̀, òun náà sì ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́. Lórí òkú àwọn ọmọ wọn ni bàbá méjèèjì ti bọ ara wọn lọ́wọ́.

Ẹ̀yin tó fẹ́ kọ tiyín, ẹ kíyè sí ohun kan. Inú ewì tí Arthur Brooke tẹ̀ jáde ní 1562 ni Shakespeare ti mú ìtàn náà, oṣù mélòó kan ni gbogbo rẹ̀ sì fi ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Shakespeare fún un pọ̀ di ọjọ́ mẹ́rin sí márùn-ún. Ìkánjú ló pa àwọn ọmọ yẹn. Bí ẹ bá fa ìtàn náà gùn, òǹwòran kò ní mọ ìdí tí ẹnikẹ́ni kò fi ráyè dúró béèrè ọ̀rọ̀.

Ṣé ẹ ò lè yí ìparí rẹ̀ padà kí wọ́n má kú ni?

Ìbéèrè yìí ló pọ̀ jù, ó sì ti pẹ́ tí ó ti ń da àwọn eléré láàmú. Ní 1748, David Garrick, òṣèré ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tún ìparí náà ṣe kí Juliet lè jí kí Romeo tó kú, kí wọ́n lè bára wọn sọ̀rọ̀ díẹ̀. Nígbà tí Sergei Prokofiev ń kọ orin fún ijó ìtàn yìí ní 1935, ìparí ayọ̀ ni òun àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ kọ́kọ́ fi sí i. Ó ní alààyè lè jó, ẹni tó ń kú lọ kò lè jó. Àwọn èèyàn ta kò ó, ó sì dá ikú padà sí i kí ijó náà tó dé orí ìtàgé ní ìlú Brno ní 1938.

Àwa náà dán an wò. A kọ ọ́ pé lẹ́tà dé. Romeo mọ àṣírí, ó dé ibojì, Juliet jí, wọ́n sá lọ. A ṣe é fún àwọn ọmọ bí ogún, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ gan-an. Ìgbà tí a ń palẹ̀ mọ́ ni ọmọbìnrin kan tí kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ wá bá mi. Ó ní, "Ṣé àwọn bàbá wọn ti wá parí ìjà báyìí?" Mi ò lè dá a lóhùn. Wọn kò tíì parí rẹ̀. A ti yọ ọmọ méjì nínú ewu, a sì fi ohun tó kó wọn sí ewu sílẹ̀ bó ṣe wà. Bí ọmọ mìíràn bá tún dìde nínú àwọn ìdílé yẹn, ibi kan náà ni yóò já sí. Alẹ́ ọjọ́ yẹn la fa ìwé eré náà ya.

Ewu wà lápá kejì náà, mi ò sì ní fi í pa mọ́ fún yín. Bí a bá ṣe ìtàn náà bó ṣe wà, ọmọ lè lérò pé ikú àwọn méjèèjì ló ra àlàáfíà, pé bí ẹni bá ti kú ni wọ́n tó máa gbọ́ tirẹ̀. Kò gbọdọ̀ sí ọmọ tó máa gbé irú èrò yẹn kúrò níwájú ìtàgé wa. Nítorí náà, nígbà tí Capulet àti Montague bá na ọwọ́ síra wọn, ìyá Juliet ló ń sọ̀rọ̀. Ó ní, "A lè ti ṣe èyí lánàá." Gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn ni. Orin kì í tẹ̀ lé e, kò sí ẹni tó ń dì mọ́ ẹnì kan, ojú gbogbo wọn wà nílẹ̀. A kò kọ ọ́ bí ìgbà tí nǹkan ṣẹ́gun. A kọ ọ́ bí ìgbà tí ojú ń ti àgbà.

Báwo wá ni ẹ ṣe ń fi ikú hàn?

Ọmọlangidi ní ohun kan tí èèyàn tó ń ṣeré kò ní. Òṣèré tó bá "kú" lórí ìtàgé ṣì ń mí, àwọn ọmọ a sì máa wo ikùn rẹ̀. Èémí kan ṣoṣo tí ọmọlangidi ní ni èyí tí ọwọ́ wa fún un. Bí ọwọ́ bá ti jáde, ó ti di aṣọ àti páálí. Kò sí ọmọ tí a ní láti ṣàlàyé ìyẹn fún.

Nígbà tí Mercutio bá fẹ́ kú, ẹni tó dì í mú a dìde kúrò lẹ́yìn aṣọ, gbogbo ọmọ a rí i. A yọ ọwọ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, a tẹ́ ọmọlangidi náà sórí pákó, a fi àtẹ́lẹwọ́ lé e láyà, a sì kúrò níbẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá 10 la fi ń ṣe é. A máa ń kà á nínú wa. Ní ìbẹ̀rẹ̀, a kàn ń jẹ́ kí ó ṣubú ni. Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sì jàre. Ọmọlangidi tó bá ṣubú gbì, ẹ̀rín ló máa ń pani. Àfi kí ẹ falẹ̀.

Ti Romeo àti Juliet yàtọ̀, nítorí pé àwọn fúnra wọn ni wọ́n gba ẹ̀mí ara wọn. A kì í fi ohun tí wọ́n lò hàn, a kì í dárúkọ rẹ̀, kì í sì í sí lọ́wọ́ ọmọlangidi kankan. Apìtàn a ní: "Romeo rò pé Juliet ti kú. Kò dúró béèrè." Iná a kú. Nínú òkùnkùn, a ó gbọ́ ohùn Juliet lẹ́ẹ̀kan: "Romeo?" Nígbà tí iná bá padà dé, àwọn ọmọlangidi méjèèjì ti wà nílẹ̀, kò sí ọwọ́ nínú wọn, àwọn tó ń dì wọ́n mú sì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Kò sí ọ̀rọ̀ ìdágbére tó dùn létí. A kì í sọ pé wọ́n ti jọ wà níbi tó dára jù báyìí. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ eré ló ń ṣe ikú wọn lọ́ṣọ̀ọ́. Níwájú ọmọdé, mo lòdì sí i pátápátá.

Àwọn tó ti ṣe iṣẹ́ yìí ṣáájú wa rí ohun tí irú ọ̀ṣọ́ bẹ́ẹ̀ lè fà. Ní Jàpáànù, ní 1703, Chikamatsu Monzaemon kọ eré ọmọlangidi kan lórí olólùfẹ́ méjì tí wọ́n jọ pa ara wọn ní Sonezaki, ní ìlú Osaka, ohun tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ láìpẹ́ sígbà náà. Èèyàn rọ́ lọ sí ilé eré Takemoto-za láti wò ó, àwọn eré mìíràn tó jọ ọ́ sì tẹ̀ lé e. Bí irú ikú bẹ́ẹ̀ ti ń pọ̀ láàárín àwọn ọ̀dọ́, ìjọba fòfin de irú eré náà ní 1723. Nígbàkígbà tó bá wù mí láti fi orin aládùn sí ìparí eré wa, ọdún yẹn ni mo máa ń rántí.

Oògùn oorun tí àlùfáà fún Juliet ńkọ́?

A yọ ọ́. Aṣọ la fi rọ́pò rẹ̀: aṣọ àlùfáà kan tó jẹ́ pé ẹni tó bá fi bora yóò sùn fún wákàtí 42. Ìtàn náà kò bà jẹ́ rárá, ọmọ kankan kò sì ní lọ máa wá ìgò nínú kọ́bọ́ọ̀dù nílé.

Bí ọmọ bá bi mí pé, "Ṣé wọ́n pa ara wọn ni?", kí ni kí n sọ?

Ẹ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ má parọ́, ẹ má sì ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ṣe é. Ohun tí àwa máa ń sọ ni pé, "Bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n rò pé kò sí ọ̀nà mọ́. Ọ̀nà ṣì wà, wọn ò kàn rí i lákòókò yẹn ni." Lẹ́yìn náà, ẹ bi ọmọ náà pé ta ni yóò sọ fún bí ọ̀rọ̀ kan bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ẹ jẹ́ kó dárúkọ ẹni méjì. Ẹnì kan kò tó, nítorí Juliet ní ẹnì kan: ó ké gbàjarè tọ alágbàtọ́ rẹ̀ lọ, alágbàtọ́ sì ní kó gbàgbé Romeo, kó lọ fẹ́ Paris. Àgbà àkọ́kọ́ lè já ọmọ kulẹ̀. Kí ọmọ mọ̀ pé kò bùrú kí òun lọ bá ẹlòmíràn, àti ẹlòmíràn lẹ́yìn ìyẹn.

Bí ọmọ kan bá wá sọ pé òun náà kò fẹ́ wà láyé mọ́, ẹ má jágbe mọ́ ọn, ẹ má sì rò pé eré ló ń ṣe. Ẹ jókòó tì í, ẹ gbọ́ ọ, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ mọ̀, kí ẹ sì wá oníṣègùn tàbí olùgbaninímọ̀ràn fún un lọ́jọ́ yẹn gan-an.

A máa ń fi ìwé ránṣẹ́ sí àwọn òbí ṣáájú, a máa ń sọ gbogbo ohun tó wà nínú eré náà. Ilé tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ láìpẹ́ lè má fẹ́ kí ọmọ wọn wò ó ní ọdún yìí, ìpinnu tó tọ́ ni.

Ọmọ ọdún mélòó ló wà fún?

Ọmọ ọdún 8 sókè. Láàárín ọdún 5 sí 7 ni ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń mọ̀ dájú pé ẹni tó kú kò ní padà. Èyí tí kò tíì mọ̀ ọ́n yóò jókòó máa dúró de kí Mercutio dìde, kò sì ní gbọ́ ohun mìíràn mọ́.

Ṣé òótọ́ ni pé ẹ máa ń sọ ìparí rẹ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀?

Òótọ́ ni. Gbólóhùn kejì tí apìtàn máa sọ nìyẹn. Àwa kọ́ la dá a sílẹ̀: ìlà 14 ni Shakespeare fi ṣáájú eré rẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti sọ ọ́ pé àwọn olólùfẹ́ náà máa kú, pé ikú wọn ni yóò sin ìjà àwọn òbí wọn. Ọmọ tó bá ti mọ̀ pé ìbànújẹ́ ń bọ̀ yóò lè di ọwọ́ ẹni tó jókòó tì í mú kó tó dé.

Ó tún ní ohun mìíràn tó ń ṣe. Bí àwọn ọmọ bá ti mọ ìparí, ibi tí wọ́n ti lè dá a dúró ni wọ́n máa ń wá kiri. Ẹ ó gbọ́ tí wọ́n ń pariwo pé, "Dúró!" "Lẹ́tà ń bọ̀!" "Lọ sọ fún màmá ẹ!" A kì í pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Ní ọjọ́ kan, ọmọkùnrin kan dìde, ó ń fi ìka han Romeo ibi tí lẹ́tà wà, gbogbo àwọn yòókù sì bá a fi ìka hàn án. Romeo kò gbọ́. Gbogbo yàrá dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí ìwé eré tó lè kọ irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Irú ọmọlangidi wo ló dára jù fún ìtàn yìí?

Èyí tí a ń ki ọwọ́ bọ̀ ni mo fara mọ́. Ìka ìfábẹ̀lá a wọ orí, àtàǹpàkò àti ìka àárín a wọ apá méjèèjì. Ó lè gbá nǹkan mú, ó lè dì mọ́ ẹlòmíràn, ó lè fọwọ́ bojú. Ọmọlangidi olókùn rẹwà lóòótọ́, ó sì mọ ìrìn rìn, ṣùgbọ́n bí méjì bá dì mọ́ra wọn báyìí, okùn ti lọ́ nìyẹn. Ìtàn tí ìdìmọ́ra àti ìjà kún inú rẹ̀ kò bá okùn rẹ́.

Ẹ jẹ́ kí orí fúyẹ́. Ìwé ìròyìn tí a rẹ sínú gọ́ọ̀mù tí a sì lẹ̀ mọ́ ara ní ìpele-ìpele dára. Fóòmù náà dára. Apá yín máa wà lókè fún ìṣẹ́jú 40, orí tó bá wúwo díẹ̀ báyìí yóò di àpáta kí Tybalt tó kú.

Ẹ má ya ẹ̀rín sí Juliet lẹ́nu. Ẹnu tí ẹ bá ya ẹ̀rín sí yóò ṣì máa rẹ́rìn-ín nínú ibojì. Ẹ jẹ́ kí ojú gbogbo wọn wà láìbínú, láìyọ̀, kí ẹ jẹ́ kí ọrùn ṣiṣẹ́ tó kù: orí tó tẹ̀ síwájú díẹ̀ ń banú jẹ́, orí tó gbé sókè ń retí nǹkan, orí tó yí díẹ̀díẹ̀ ń ronú. Èyí tó ń sọ̀rọ̀ nìkan ni kó máa mira. Èyí tó ń gbọ́ gbọ́dọ̀ dúró jẹ́ẹ́, kó wo ẹni tó ń sọ̀rọ̀, nítorí ibi tó bá wò ni àwọn ọmọ máa wò.

Fún ìran ojú fèrèsé, níbi tí Juliet ti wà lókè tí Romeo sì ń wò ó láti ìsàlẹ̀, a yá ọgbọ́n kan lò lọ́dọ̀ àwọn ará Jàpáànù. Nínú eré bunraku, ẹni mẹ́ta ló ń mú ọmọlangidi kan, láti 1734: ọ̀gá wọn mú orí àti ọwọ́ ọ̀tún, ẹnì kejì mú ọwọ́ òsì, ẹnì kẹta mú ẹsẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló sì ń sọ ohùn gbogbo wọn. Àwa kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ẹni méjì la fi mú Juliet ní ìran yẹn nìkan. Ìdí rẹ̀ ni pé Romeo sọ pé Juliet gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé ọwọ́. Ọwọ́ kan kò lè ṣe é kó jọni lójú. Nígbà tí ẹni méjì bá ṣe é, tí wọ́n sì jọ mí lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ó gbàgbé pé aṣọ ni.

Ohun tó wù mí jù nínú gbogbo eré wa ni àwọn òbí. A kò ṣe wọ́n ní ọmọlangidi ọwọ́. Òjìji ni wọ́n. A ta aṣọ funfun sẹ́yìn ìtàgé, a gbé iná sẹ́yìn rẹ̀, a sì gé àwọn òbí láti ara páálí. Bí páálí bá sún mọ́ iná, òjìji rẹ̀ a tóbi, etí rẹ̀ a sì rí bàìbàì. Bó bá sún mọ́ aṣọ, a kéré, a sì hàn kedere. Nítorí náà, nígbà tí Capulet bá ń bínú, ó máa ń kún gbogbo aṣọ náà, Juliet kékeré a sì dúró níwájú rẹ̀ bí ìka ọwọ́. Lẹ́yìn ikú àwọn ọmọ, a ń gbé àwọn òjìji náà kúrò lọ́dọ̀ iná díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ń kéré sí i, wọ́n ń hàn sí i, títí wọ́n á fi ga bákan náà pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn. Ìgbà yẹn nìkan ni wọ́n máa ń jáde wá síwájú ní ọmọlangidi, tí a máa rí ojú wọn fún ìgbà àkọ́kọ́.

Èèyàn mélòó la nílò, ta sì ni ká yọ kúrò?

Mẹ́ta tó ń mú ọmọlangidi, ẹnì kan tó ń pìtàn. Ọwọ́ mẹ́fà ni, fún ìdí èyí ọmọlangidi kò lè ju mẹ́fà lọ lórí ìtàgé lẹ́ẹ̀kan náà. A mú Romeo, Juliet, Mercutio, Tybalt, alágbàtọ́, àlùfáà àti Paris, a sì fi àwọn òbí kún un. A yọ Rosaline tí Romeo kọ́kọ́ fẹ́ràn, Benvolio ìbátan Romeo, àwọn ìránṣẹ́, àti ẹni tó ta májèlé fún Romeo, òun gan-an la kọ́kọ́ yọ. Ọ̀rọ̀ ọmọba ìlú bọ́ sẹ́nu apìtàn. Nínú eré Shakespeare, Paris àti ìyá Romeo náà kú. Nínú tiwa, wọ́n yè. Ikú mẹ́rin ti pọ̀ tó.

Ìjà idà ńkọ́?

Ẹ jẹ́ kó wà. Igi pẹlẹbẹ tí ẹ fi aṣọ wé ti tó. Ẹ má yọ ibi tí Romeo ti bọ́ sáàárín láti là wọ́n, tí idà Tybalt sì gba abẹ́ apá rẹ̀ kọjá bá Mercutio. Àwọn ọmọ tó ti la ìjà rí máa ń mí kanlẹ̀ níbẹ̀.

Ìgbéyàwó àti ìfẹnukonu kò ha pọ̀ jù fún ọmọ ọdún mẹ́jọ?

Orí kan orí la fi rọ́pò ìfẹnukonu. Ti ìgbéyàwó, mo gbà pẹ̀lú àwọn òbí tó ń ráhùn. Ọmọ ọdún 13 kò sí nípò ìyàwó, mi ò sì fẹ́ kí ọmọ kankan rò pé ó wà níbẹ̀. Nínú tiwa, iwájú àlùfáà ni àwọn méjèèjì ti ń búra pé àwọn kò ní bára wọn jà láé, ohunkóhun tí ìdílé wọn ì báà sọ. Ọ̀rọ̀ Paris, a fi sílẹ̀, torí ó yẹ kí ọmọ rí bó ṣe rí nígbà tí wọ́n bá ń ti èèyàn síbi tí kò fẹ́.

Ṣé kí a lo ọ̀rọ̀ Shakespeare gan-an?

Ẹ lo ìlù rẹ̀, ẹ fi ọ̀rọ̀ yòókù sílẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí Romeo àti Juliet bára wọn sọ̀rọ̀, ìlà 14 àkọ́kọ́ tí wọ́n jọ sọ para pọ̀ di odindi ewì kan. Ọ̀kan ń parí ohun tí èkejì bẹ̀rẹ̀. Àwa sọ ọ́ di eré àtẹ́wọ́: Romeo sọ ìlà kan, ó pàtẹ́wọ́, Juliet sọ èyí tó tẹ̀ lé e, ó pàtẹ́wọ́, títí ìlù wọn fi bára mu. Kò sí ẹni tó sọ pé wọ́n fẹ́ràn ara wọn, gbogbo ọmọ sì ti mọ̀. Ẹ má tú u ní olówuuru. Ẹ gbọ́ ohun tí ẹni náà ń wí, kí ẹ sì wí i bí ẹni tó ń bá ọmọ sọ̀rọ̀.

Ṣé a gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni?

Fún ìtàn náà, rárá. Shakespeare kú ní 1616. Àmọ́ ìtumọ̀ òde òní, fíìmù, orin àti ìwé eré tí ẹlòmíràn kọ ní olówó wọn, ẹ má mú un láìtọrọ. Ẹ kọ tiyín láti inú ti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ẹ̀dà tó jáde ní 1597 kúrú ju ti 1599 lọ. Wọ́n fojú burúkú wò ó, ṣùgbọ́n ó wúlò fún ẹni tó ń wá ibi tí wọ́n lè gé.

Kí ni ẹ máa ń ṣe lẹ́yìn eré?

A kì í jẹ́ kí wọ́n jáde lójú ẹsẹ̀. Àwa tí a wà lẹ́yìn aṣọ a jáde, a jókòó sílẹ̀ láàárín wọn, a sì gbé Romeo àti Juliet wá. Ẹni tó bá fẹ́ lè ki ọwọ́ bọ̀ wọ́n. Àwọn kan kì í fẹ́ fọwọ́ kàn wọ́n, ẹ má ti wọn sí i. Àwọn tó bá mú wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló máa ń kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n jí, kí wọ́n wò yí ká, kí wọ́n tó sọ ohunkóhun.

Lẹ́yìn náà a pín ìwé fún wọn, a ní kí olúkúlùkù kọ lẹ́tà tí kò dé ọwọ́ Romeo. Àwọn kan kọ gbólóhùn kan: "Kò kú o, oorun ló ń sùn." Àwọn kan ya àwòrán ọ̀nà láti Mantua dé Verona. Ọmọ kan kọ tirẹ̀ sí Capulet dípò Romeo, ó kún ojú ìwé méjèèjì. A kì í kà á sókè, a kì í ṣàtúnṣe sí i, a kì í sì í fi han olùkọ́ tàbí òbí àfi bí ọmọ bá gbà, tàbí bí ohun tó kọ bá fi hàn pé ewu wà lórí rẹ̀. Èyí tí wọn kò bá mú lọ sílé, inú àpótí tí a ń kó àwọn ọmọlangidi sí la máa ń fi í sí, lábẹ́ orí Romeo.